Àpò Ìwé Kẹtàlélógún

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹsàn-án, 1988

Gbogbo ìlú Niš ń rùn fún èéfín tàtàṣé. Kò sí àgbàlá tí wọn kò ti ń yan án. Mo ra ìwé yìí nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú eyín, nítorí pé n kò lè sọ ohun tí mo rí lónìí fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbé e mì.

Stamena wá ya fọ́tò egungun tó gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjìlá ni báyìí. Bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Živadin, ló mú un wá láti abúlé bí ìgbà gbogbo, fìlà lọ́wọ́, bàtà dídán. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó yanu, kò yanu. Bàbá ní, "Yanu fún Dókítà." Ó yanu.

Eyín iwájú òkè méjèèjì ti kán. Ọ̀kan kù ìdajì. Èkejì ti di aláwọ̀ eérú — ó ti kú sínú. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ṣubú, oṣù Keje. Eyín tó yọ síta bí tirẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ká ní wọ́n ti padà sẹ́yìn ni, bóyá ètè nìkan ni ì bá bẹ́.

Bàbá ní òun kò tètè mú un wá nítorí pé òun rò pé mo máa bá òun jà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́: ọmọ kẹtàlélógún, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dúró, ìjàǹbá, eyín méjì. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹsàn-án

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọgọ́ta ọmọ. Gbogbo wọn ni párì ìsàlẹ̀ wọn kéré, tí eyín òkè wọn yọ síta. Ìdajì wọ ike — ike pupa oníwáyà tí wọ́n ń fi sẹ́nu láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, tó ń ti párì síwájú. Ìdajì yòókù kò wọ nǹkan kan fún oṣù méjìdínlógún, kí á lè mọ̀ bóyá ike ló mú egungun ojú dàgbà tàbí ọjọ́ orí lásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gba tiwọn.

Ta ni yóò wọ̀, ta ni yóò dúró? Àpò ìwé ló ń sọ. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ló kọ ọ̀rọ̀ sínú wọn, tó lẹ̀ wọ́n pa, tó kọ nọ́ńbà sí wọn lára. (Ọ̀jọ̀gbọ́n Tasić ni. Ẹni tó ń wọn gbogbo nǹkan. Ṣúgà inú kọfí rẹ̀ pàápàá, díẹ̀ ló kù kó fi rúlà wọ̀n ọ́n.) Bí ọmọ bá ṣe ń wọlé tẹ̀léra ni à ń ṣí wọn, níwájú àwọn tó mú un wá.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ń wo fọ́tò egungun lórí àpótí iná. Àwọn àpò ìwé ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, mo gbé wọn lé orí àpótí náà kí ọwọ́ mi lè ṣófo. Iná yẹn le. Ọ̀rọ̀ inú àpò hàn bí egungun ṣe ń hàn nínú ẹran. Kẹtàlélógún: DÚRÓ.

Títí dé ibẹ̀, àìmọ̀ ni. Mi ò lè pe èyí tó tẹ̀ lé e ní àìmọ̀. Mo mú ìkẹrìnlélógún, mo tẹ́ ẹ sórí iná dáadáa. IKE.

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Jagoda ló ni aago mẹ́sàn-án. Stamena ló ni aago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì abúlé ti gbé wọn dé kùtùkùtù. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wọlé, kí bọ́ọ̀sì tí ẹ ó fi padà má baà fi yín sílẹ̀." Bàbá Živadin ṣí fìlà fún mi. Ó ní Ọlọ́run á ṣe mí lóore.

Jagoda jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ogún ìṣẹ́jú sí i. Ó gba ike.

N kò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan nínú àpò kankan. Mo kàn sọ fún arúgbó kan pé kó ṣíwájú.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kẹsàn-án

Jagoda. Ọmọ tí èmi gbé síbi omi ìsàmì. Ìyá rẹ̀ ni Radmila, èmi sì ni mo dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kuma ni èmi àti òun ń pe ara wa. Níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè bínú síra wọn fún ogún ọdún, kí wọ́n sì tún bára wọn jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já kuma rẹ̀ kulẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tọ́ka sí i. Kuma kì í ṣe bọ́tìnnì tí èèyàn ń já dànù, wọ́n ń wí.

Níléèwé, Ehoro ni wọ́n ń pe Jagoda. Wọ́n ń jù ú ní kárọ́ọ̀tì. Radmila jókòó sí kíṣìnnì mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ àpò ìwé, ó sunkún sínú aṣọ ìnuwọ́ mi, ó ní, "N kò bẹ̀ ọ́ o, kuma. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Stamena ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè é níléèwé tirẹ̀? N kò bèèrè rí.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Kẹsàn-án

Wíwọ̀n, wíwọ̀n, wíwọ̀n. Ọjọ́ mẹ́wàá ni èmi àti Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ti ń fi pẹ́ńsùlù ya ìlà egungun láti orí fọ́tò sórí ìwé tó ń fi inú hàn. Iwájú orí, ihò imú, àgbọ̀n, igun párì. Ọ̀gá máa ń fi ọwọ́ bo orúkọ kó má baà mọ ọmọ tí òun ń wọ̀n. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ yìí ló fi ń dágbére.

Èsì ti ń yọjú. Àwọn tó wọ ike, eyín wọn ti sún sẹ́yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n egungun párì? Mílímítà kan àti díẹ̀ ni wọ́n fi ju àwọn tó dúró lọ. Mílímítà kan! Ọ̀gá dùn bí ẹni rí wúrà. Ó ní òtítọ́ kékeré sàn ju àlá ńlá lọ.

Èmi ni mo mú ẹ̀rọ Aláriwo, ẹ̀rọ tó ń ya agbára iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ sórí ìwé gígùn. Ọmọ á fi eyín gé òwú, kálàmù á máa fò. Ìlà Stamena fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní kó fi eyín gé òwú náà kó le. Ó fi èrìgì ẹ̀gbẹ́ kan rọra tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi iwájú gé nǹkan.

Ọ̀gá wo ìwé náà, ó ní, "Desanka, egungun àti iṣan kì í purọ́. Àwa tó ń wọ̀n wọ́n ni ká ṣọ́ra." Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé oyè mi gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Inú rẹ̀ ni ọgọ́ta ọmọ yìí wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹwàá

Ká ní mo lè yọ ọjọ́ òní kúrò nínú ọdún.

Stamena wá kí n wẹ inú gbòǹgbò eyín tó kú náà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni Jagoda ń wọlé, kóòtù pupa lọ́rùn, ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tò bíi ti ọmọ inú ìwé ìròyìn. Bàbá Živadin dúró. Ó wò ó títí ó fi wọlé. Ó wá rán Stamena lọ ra búrẹ́kì jẹ nísàlẹ̀, ó sì padà wá bá mi.

Ó ní, "Dókítà, ẹjọ́ kan wà lọ́rùn mi. Ọmọ yẹn, ṣé òun kọ́ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ àpò ìwé?"

Mo ní òun ni.

"Ó wọlé lẹ́yìn wa."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó gba ike."

Ó mi orí, ó mi orí. Ó ní láti oṣù Keje lòun ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ẹni tó gba àpò tó tẹ̀ lé tiwọn. Báyìí òun ti mọ̀. "Nítorí bọ́ọ̀sì ni, Dókítà. Bọ́ọ̀sì lásán! Ẹ fi àyè lọ̀ mí, èmi náà sì fò mọ́ ọn bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ bí àgbà ni, àpò yẹn ì bá jẹ́ ti ọmọ mi."

Ó ti sọ ọ́ nílé. Ruža, ọmọ rẹ̀, ìyá Stamena, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti oṣù Kẹjọ. Ó ń gbé abọ́ rẹ̀ sí ìkángun tábìlì, ó ń yíjú kúrò. Ó ní ìkánjú rẹ̀ ló jẹ eyín ọmọ òun.

Mo ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Bàbá."

Ó ní, "Ta wá ni kí n dá lẹ́bi?"

Ó wo ojú mi nígbà tó bèèrè. Ó fẹ́ ìdáhùn ní ti gidi. Mo sọ fún un pé kí Stamena máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹwàá

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ìka Bàbá Živadin ni wọ́n ń gé, lójoojúmọ́, nídìí tábìlì òun fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹwàá

Radmila gbé ajvar, ọbẹ̀ tàtàṣé yíyan, wá, ìgò mẹ́fà. Ó ní, "Kuma, o ti rù. Ṣé egungun tí ò ń wọ̀n ni ìwọ náà fẹ́ dà ni?" Jagoda tẹ̀ lé e. Wọ́n ti yàn án pé kó ka ewì níwájú gbogbo iléèwé. Ó kà á fún mi, ó dúró lórí àga, gbogbo eyín níta. Radmila gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Wò ó. Wò ó dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn."

Mo wò ó, inú sì bí mi sí i. Ọmọ ọdún méjìlá tí kò ṣẹ̀ mí! Inú bí mi sí i nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Irú èèyàn wo ni mo wá dà báyìí?

Ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lókè àpótí. N kò tíì ṣí ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kọkànlá

Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Nígbà kejì ó ní kí n wọlé. Mo yá pẹ́ńsùlù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kọkànlá

Mo ṣí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi nítorí Stamena. Wákàtí mẹ́ta. Mo fi ohun funfun tún eyín méjèèjì kọ́, mo ń fá a, mo ń dán an, mo ń wò ó lójú iná. N kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rò ó pé bí mo bá tún un ṣe, nǹkan tó dì mí lọ́kàn á tú.

Mo gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n funfun ju àwọn yòókù lọ." Òótọ́ ni. Ó lójú, ọmọ yìí.

Bàbá Živadin fẹnu ko ọwọ́ mi. Ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún! Kí n tó fà á padà ó ti ṣe é. Ó gbé ìgò oyin kan kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe." Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ wọn lójú, tó fi ata sẹ́nu, tí wọ́n sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ — èmi nìyẹn.

Mo gba oyin náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé Radmila. Máíkẹ́lì Mímọ́. A kì í pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀nà ló ń lọ, ẹni tí kò bá lọ ni wọ́n ń bèèrè. Iwájú tábìlì ni ìjókòó kuma, nítòsí àbẹ́là. Mo jókòó síbẹ̀. Ọkọ Radmila da wáìnì sórí búrẹ́dì, ó bù ú, ó kí gbogbo wa, ó wá gbé ife sókè: "Fún kuma wa, tó tún ojú ọmọ wa ṣe." Gbogbo ilé pariwo. Jagoda fò mọ́ mi lọ́rùn.

Mo tẹ̀ lé Radmila wọ kíṣìnnì. Ó ń bu sarma, ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé. Mo sọ ọ́. Àpò, àpótí iná, bẹ́ǹṣì, gbogbo rẹ̀.

Kò dúró, ó ń bu sarma lọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní báwo.

"Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí ìyá tó bí ọ pàápàá kọjá ìlà! Lọ́jọ́ yẹn o ní ká jókòó, o ò wo ojú mi. Ṣé òmùgọ̀ ni mí? Mo mọ̀ nígbà tí ọmọ gba ike. Mo délé, mo tan àbẹ́là."

Mo wá sọ ti eyín Stamena fún un. Mo sọ ti Bàbá àti ìkángun tábìlì. Síbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyẹn, mi ò mọ̀." Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Kí wá lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n yọ eyín ẹnu ọmọ mi fún un? N kò bẹ̀ ọ́, kuma. Rántí pé n kò bẹ̀ ọ́." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́. "Gbé e lọ kó tó tutù. Kí o sì rẹ́rìn-ín. Àlejò kún ilé mi."

Mo gbé e lọ. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Ọ̀gá. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ń mu kọfí.

Ó ní, "Nọ́ńbà wo?"

"Kẹtàlélógún àti kẹrìnlélógún."

Ó fa ìlà sórí méjèèjì nínú ìwé ńlá, pẹ̀lú rúlà. Ó kọ méjìdínlọ́gọ́ta sísàlẹ̀. Ó gbé kálàmù kalẹ̀. Ó ní, "Ojú fèrèsé ni mo ti dán àwọn àpò yẹn wò. Ọ̀sán gangan. Nǹkan kan kò hàn. Àpótí iná kò sì wá sí mi lọ́kàn. Ogójì ọdún ni mo ti ń jókòó tì í." Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ojú ń ti òun, nítorí mi!

Ó wá ní, "Méjì péré?"

Mo ní méjì péré, mo búra.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, Desanka. Ta ni yóò gba èmi gbọ́?"

Bí ọwọ́ bá ti wọ àpò méjì, ta ni yóò jẹ́rìí sí méjìdínlọ́gọ́ta tó kù? Ó ní òun yóò kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á. Ìwé oyè mi kò ní wọlé lọ́jọ́ kìíní. Kò sọ ìgbà tí yóò wọlé. Kò pariwo. Ká ní ó tiẹ̀ pariwo ni.

Bí mo ṣe ń jáde, ó ní, "Ṣé àwọn ará ilé ọmọ náà ti gbọ́?"

Mo ní rárá.

"Kí wá lò ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kọkànlá

Bọ́ọ̀sì ọ̀la, aago mẹ́jọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù ń bà mí bí ẹni tó fẹ́ lọ bímọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kọkànlá

Yìnyín ti bo abúlé. Bàbá Živadin ń ṣa ẹ̀wà nítòsí ààrò. Ó fò dìde, ó ń wá fìlà tí yóò ṣí fún mi. Ruža gbé abọ́ slatko wá bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò: ìyeyè inú ṣúgà, síbí kan, omi ife kan. Obìnrin gíga ni, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ́ aṣọ tó mọ́ sábẹ́ abọ́ náà fún mi. Stamena jókòó sórí àpótí igi, ìwé iléèwé lórí ẹsẹ̀.

N kò lè fi síbí náà sẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Mo sọ ọ́. N kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní mo ti mọ ohun tó wà nínú àpò kí n tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ọmọ ìsàmì mi ni mo fẹ́ gbà là, mo sì fi ọmọ yín dí ipò rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, èmi ni mo fi tàn yín.

Ẹ̀wà kan ṣì wà láàárín ìka Bàbá. Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo rò pé kò gbọ́. Ó ní, "Mo gbọ́. Ruža ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ruža, yíjú síbí."

Ruža yíjú. Mo wo ojú rẹ̀, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo dé ibi "Bàbá kò ṣe nǹkan kan," Bàbá fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ruža lọ sí ìkángun tábìlì, ó gbé abọ́ tó wà níbẹ̀, ó gbé e wá sí àárín. Ó gé búrẹ́dì. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fi búrẹ́dì náà sí i. Ó ní, "Ẹ jẹun, Bàbá." Ó tún un sọ: "Ẹ jẹun. Ẹ dáríjì mí." Mo wo ilẹ̀. Wọn kò nílò ojú mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, láìyíjú, ó ní, "Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì, Dókítà." Ó gbé slatko náà kúrò níwájú mi.

Stamena ló sìn mí dé ojú ọ̀nà. A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá bi mí bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí ike tirẹ̀ yóò dé. Mo ní ó máa ń wà.

Ó ní, "Òun ni kó fi í sí mi lẹ́nu. Mi ò fẹ́ ọwọ́ yín lẹ́nu mi mọ́."

Mo ní, "Ó dáa."

Mo rò pé yóò padà sílé. Kò padà. Ó ní bàbá òun àgbà ti sọ pé kí òun má fi àlejò sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó dúró tì mí nínú yìnyín títí bọ́ọ̀sì fi dé.